Ohun Méjì Tó Jókòó Sórí Kíndìnrín Fèyísọ́lá

Ọjọ́ Ajé, 6 Ọ̀wàrà

Dókítà ní kí a máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́: bó ṣe sùn, ohun tó jẹ, iye hóró oògùn tó gbé mì. Fèyísọ́lá ọmọ mi ló kọ́kọ́ gbé ìwé náà fún. Ó kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, irọ́ ló sì kún inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó kọ pé òun sun wákàtí méje. Yàrá kan náà la jọ ń sùn, mo mọ iye ìgbà tó ń dìde. Mo tú àṣírí rẹ̀ níwájú dókítà. Dókítà ní, "Mama, ẹ̀yin ni kí ẹ máa ṣe é nígbà náà." Mo ní n kò mọ̀wé. Ó ní kí n wá ẹni tó máa bá mi kọ ọ́.

Mujeebat ni mo wá, obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì nísàlẹ̀ ilé wa ní Agbowó. Ó ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Mo ní ohun tí mo bá sọ ni kó tẹ̀, kó má fi adùn kankan sí i.

"Mama Ìgbòho, bí ẹ bá bú mi ńkọ́?"

"Tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó sun wákàtí mẹ́ta. Ó jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Hóró mẹ́rin. Òjò rọ̀ lọ́sàn-án.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Ọ̀wàrà

Mujeebat ní òun kò lè máa tẹ ohun tí kò yé òun. Ó dáa.

Ọkọ Fèyísọ́lá kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni kò ti jókòó mọ́. Ó ń kọ́ ọmọ níléèwé ní Ring Road lójúmọmọ, ó ń lọ kọ́ ọmọ olówó nílé wọn ní Bódìjà nírọ̀lẹ́. Egungun ń dùn ún, oorun sá lọ. Ni Ìyá Jésùlọlá, tísà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bá fún un ní àgúnmu kan nínú ọ̀rá. Ó ní ewé àti egbò lásán ni, pé ó ń mú ara balẹ̀. Fèyísọ́lá lá a. Ní ọjọ́ kẹta, ìrora lọ. Ó ń jẹun bí ẹni tó ń la ọ̀nà ọkọ̀. Ó lá a fún ọdún kan àti ààbọ̀.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Ojú rẹ̀ yí roboto. Gbogbo ayé ń kí i kú oríire. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ń bi mí bóyá ó ti rí ọkọ tuntun. Èmi náà gbé fọ́tò rẹ̀ lọ sí Ìgbòho, mo ń fi han àwọn ará ilé pé kí wọ́n wo ọmọ mi, Ìbàdàn gbà á. Ojú la ń wò. Kò sí ẹni tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti tín-ín-rín bí ọwọ́ ìgbálẹ̀.

Ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn iléèwé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, ṣúgà wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Dókítà Nimotallahi ní ọsibítù ní kó kó gbogbo ohun tó ń gbé mì wá. Wọ́n yẹ àgúnmu náà wò. Ẹnì kan ti lọ hóró òyìnbó mọ́ ewé náà.

Wákàtí mẹ́rin. Hóró mẹ́rin.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Ọ̀wàrà

A lọ rí dókítà. Ọmọdé ni, àbíkẹ́yìn mi jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù. Ó ya kíndìnrín méjì sórí bébà. Ó ní ohun kékeré kan jókòó lé orí ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi fìlà. Omi kan ń ti inú fìlà náà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń gbé wa dìde láàárọ̀. Òun ló ń mú ẹsẹ̀ yá bí ajá bá lé ènìyàn. Họ́mónù ló pè é. Bí ajá bá ti lọ, ó yẹ kí omi náà fà. Ti Fèyísọ́lá, ajá kì í lọ.

Ó ní àgúnmu yẹn wá ń ṣe iṣẹ́ omi náà láti ìta. Fìlà méjèèjì rí i pé ẹlòmíràn ń bá wọn ṣiṣẹ́, wọ́n bá sùn.

"Bí ọmọ ọ̀lẹ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá pọnmi," mo ní.

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Mama. Tí ẹ̀gbọ́n bá lọ lójijì, ilé máa gbẹ. Díẹ̀díẹ̀ la máa dín hóró yìí kù, kí àwọn náà lè jí."

Mo ní ó yé mi. Kò yé mi.

Ó ní kó máa sùn ní aago mẹ́sàn-án, kó jí ní mẹ́fà, kó jáde sí oòrùn àárọ̀, kó rìn. Kó jẹun lásìkò. Kó má mu kọfí lẹ́yìn ọ̀sán. Kó má gbààwẹ̀. Kó fi ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀. Fèyísọ́lá ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Mo mọ orí yẹn. Báyìí ló ṣe ń mì ín nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje.

Ọjọ́rú, 15 Ọ̀wàrà

Mo ti kó kọfí rẹ̀ sínú àpótí mi. Mo ti ń gba fóònù rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án.

"Màámi, mo ti lé lógójì ọdún."

"Kíndìnrín rẹ kò mọ̀."

A rìn dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì, a padà. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Èmi tí mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún ni mo ń dúró dè é.

Wákàtí mẹ́rin ààbọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 20 Ọ̀wàrà

Hóró ti di mẹ́ta. Kiréètì ẹyin ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Mo rà á. Dókítà ní kó máa jẹ ẹyin.

Ó ní òun ti fi ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Bélú

Mo da àwọn hóró náà nù.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rò ó kí n tó ṣe é. Dókítà fúnra rẹ̀ ló sọ pé ohun tí wọ́n lọ̀ mọ́ àgúnmu yẹn àti ohun tó wà nínú hóró yìí, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ohun tó sọ ọmọ mi di báyìí la tún ń fún un láràárọ̀, èmi ni mo sì ń kà á sí i lọ́wọ́. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, a kì í lọ wá ejò kékeré wá wò ó sàn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì kún. Mo kó gbogbo rẹ̀ dà sínú ṣáláńgá ẹ̀yìnkùlé.

"Màámi, hóró tòní ńkọ́?"

"Dókítà ní ó tó báyìí."

Ó gbà mí gbọ́. Mo fún ewúro, mo bù ú fún un.

Mujeebat dáwọ́ títẹ̀ dúró. Ó ní, "Mama, ṣé dókítà mọ̀?" Mo ní kó tẹ ohun tí mo sọ.

Ọjọ́rú, 5 Bélú

Ó sun wákàtí mẹ́fà. Ewúro ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 6 Bélú

Ó ní inú ń rú òun, ara òun sì wúwo. Mo ní ewúro ló ń fọ inú rẹ̀. Ó lọ síṣẹ́. Kò jẹun nígbà tó dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Bélú

Ní àárọ̀ àná, mo gbọ́ tí nǹkan ṣubú ní balùwẹ̀. Ó ti bì títí, kò sí nǹkan tó kù nínú rẹ̀ tó lè bì mọ́. Ara rẹ̀ tutù. Ó ń pè mí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹyẹ lọ. Mujeebat àti ọkùnrin méjì tó wá ṣe fọ́tòkọ́pì ló bá mi gbé e sọ̀kalẹ̀ sínú máíkírà.

Ní ọsibítù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá kò kọ́kọ́ rí nǹkan kà. Dókítà Nimotallahi sáré dé. Ó bèèrè ìgbà tó lo oògùn kẹ́yìn. Fèyísọ́lá ní, "Ṣebí ẹ ní ó tó. Màámi ní ẹ ní ó tó."

Gbogbo wọn wò mí.

Mo ní, "Mo dà á nù sí ṣáláńgá."

Nọ́ọ̀sì kan ní, "Jésù!" Dókítà ti ń wá iṣan ọwọ́ rẹ̀. Ó gún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n fa omi sí i lára, lára apá ọ̀tún àti apá òsì. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó di aago méjì ọ̀sán, ó la ojú, ó ní kí n fún òun lómi.

Ọjọ́ Ajé, 10 Bélú

Dókítà pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo.

"Mama, ẹ ní ó yé yín."

"Irọ́ ni mo pa. Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó tún un sọ. Ó ní fìlà méjèèjì ṣì ń sùn fọnfọn. Hóró yẹn nìkan ló ń pọnmi sílé. Bó ṣe gbé ọmọ mi dé ibi tó wà yìí, òun náà ló gbọ́dọ̀ gbé e kúrò níbẹ̀. Èmi lé e lọ lọ́jọ́ kan.

Ní Ìgbòho, òrí ni mo ṣe fún ogójì ọdún. Bí òrí bá ń hó lórí iná, a kì í fa gbogbo igi yọ lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá fà á yọ lẹ́ẹ̀kan, ìdọ̀tí á dì mọ́ òróró, gbogbo wàhálà rẹ á sì bàjẹ́. Igi kan lò ń fà, o dúró, o tún fa ọ̀kan, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí ọmọdé ilé wa tí n kò gbá létí rí nítorí igi yìí. Mo sọ ọ́ fún dókítà. Ó ní òun ì bá ti bèèrè iṣẹ́ tí mo ṣe rí kí òun tó máa ya kíndìnrín.

Mo wọlé lọ bá Fèyísọ́lá.

"Màámi, ẹ pè mí ní òpùrọ́ níwájú dókítà."

"Òpùrọ́ ni ẹ́."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi náà."

Ó yíjú sí ògiri. Ó ní kí nọ́ọ̀sì máa tọ́jú hóró òun títí òun á fi lọ sílé, pé tí òun bá délé, òun fúnra òun á máa tọ́jú rẹ̀. Dókítà kọ̀. Ó ní ọwọ́ mi ni kó wà, pé ẹni tó ti já sí kòtò mọ ibi tí kòtò wà.

Kí Mujeebat kọ ọ́ bó ṣe rí: mo ṣì í ṣe, ó sì kù díẹ̀ kí n sin ọmọ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Bélú

A ti wà nílé. A tún bẹ̀rẹ̀ láti hóró mẹ́rin. Kò bá mi sọ̀rọ̀ ju "ẹ káàárọ̀, Màámi" lọ. Ó ń ka hóró náà lọ́wọ́ mi kó tó gbé e mì.

Ọjọ́rú, 19 Bélú

Ìyá Jésùlọlá wá kí wa. Aládùúrà ni, aṣọ funfun ló wọ̀, ó gbé ọsàn dání.

"Mama, wòlíì wa ti rí i. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta pére, láìjẹ láìmu. Èmi náà á bá wọn gbà á."

"Kò ní gbààwẹ̀."

"Mama, ohun tí àdúrà kò bá ṣe…"

Ibẹ̀ ni mo ti wo ojú rẹ̀ dáadáa. Mo ti mọ obìnrin yẹn láti ìgbà tí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń yọ síta. Ojú rẹ̀ ti yí roboto, ó ń dán.

"Gbé aṣọ rẹ sókè."

"Ẹ̀n, Mama?"

"Gbé e sókè kí n rí ẹsẹ̀ rẹ."

Ó gbé e sókè díẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé àgbà ti ń dé sí mi. Ẹsẹ̀ tín-ín-rín. Ibi tó pọ́n, ibi tó dúdú, bí ẹni tí wọ́n nà.

"Ìwọ náà ń lá a."

"Mama, ewé ni. Èmi kì í ṣe ìkà. Ohun tí mo ń lá ni mo fún un."

Mo sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fò dìde, ó ní òun ń lọ sílé báyìí, òun á dà á nù pátápátá kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo pariwo débi pé Mujeebat fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó sáré gòkè wá. "O kò gbọ́dọ̀ dà á nù! Lọ sí ọsibítù lọ́la. Gbé ọ̀rá rẹ̀ dání. Sọ iye tó ò ń lá. Bí wọn kò bá tíì ní kó o dá a dúró, má dá a dúró."

"Mama, ta ló kọ́ yín ní gbogbo èyí?"

"Ṣáláńgá."

Fèyísọ́lá wà lórí ibùsùn, ó ń gbọ́ wa. Mo gbọ́ tó rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ.

Ìyá Jésùlọlá gbàdúrà kó tó lọ. Onítẹ̀bọmi ni mí, ṣùgbọ́n mo ṣe àmín. Àmín kò ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Bélú

Ìyá Jésùlọlá lọ sí ọsibítù. Ó ti gba nọ́ńbà láti rí dókítà.

Ọjọ́rú, 3 Ọ̀pẹ́

Hóró mẹ́ta. Òjò ti lọ pátápátá. Wákàtí márùn-ún. A rìn dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì, a padà, kò dúró.

Ọjọ́bọ̀, 25 Ọ̀pẹ́

Kérésìmesì. Hóró méjì ààbọ̀. A lọ sí ìsìn.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń fà. Ojú ọmọ mi ni mo ń rí báyìí, ojú tí mo bí. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ń mú un lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Sister Fèyí, ṣé kò sí o? Ẹ ti rù."

"Ẹ má jẹ́ kí ayé rí wọn báyìí, Mama. Ẹ tọ́jú wọn."

Nígbà tó ń ṣàìsàn, wọ́n ń kí i kú oríire. Ó ń gbádùn, wọ́n ń bá a kẹ́dùn. Nígbà tí a délé, ó dúró níwájú dígí. Ó ní, "Màámi, ṣé mo ti darúgbó tó báyìí?"

"O ti darúgbó. Ṣùgbọ́n o lè gun àtẹ̀gùn."

Kò dùn mọ́ ọn. Ó jẹ ìrẹsì, ó jẹ itan adìyẹ.

Ọjọ́bọ̀, 8 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Ọyẹ́ mú. Hóró méjì. Mo fi òrí pa á lára, ó ní ó ń rùn. Mo ní kó máa rùn. Wákàtí márùn-ún ààbọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Ibà mú un láti òwúrọ̀. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Ara tó ń ṣàìsàn ń fẹ́ omi họ́mónù yẹn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, fìlà rẹ̀ kò sì lè fún un. Dókítà ti kọ́ mi: bí ibà bá dé, kí hóró di ìlọ́po méjì, bó bá ń bì, kí n má dúró, kí n gbé e wá gba abẹ́rẹ́.

Méjì di mẹ́rin. Ó wò ó lọ́wọ́ mi fún ìgbà díẹ̀.

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Pe dókítà."

Ó pè é. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni, kí a sì ṣe àyẹ̀wò ibà. Ó ní Mama ti di dókítà. Mo ní kó má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Ibà ti lọ. Hóró ti padà sí méjì. Kò bì rárá.

Ọjọ́rú, 11 Èrèlé

Hóró kan àti ìlàjì ni ó kù. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lónìí ní aago mẹ́jọ, kó tó gbé oògùn mì. Ìgbà yẹn ló yẹ kí omi fìlà pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀jẹ̀ bí àwọn fìlà bá ti jí. Bí wọn kò bá jí, a kò mọ̀ bóyá wọ́n máa jí rárá. Dókítà ní àwọn kan wà tí kì í jí, tí wọ́n ń lo hóró títí ayé.

Ooru mú.

Ọjọ́ Ajé, 16 Èrèlé

Wọn kò tíì jí. Dókítà ní wọ́n ń tòògbé, pé iye tó rí sàn ju òfo lọ, ṣùgbọ́n kò tó. Kí a dín hóró kù sí ọ̀kan, kí a padà wá ní oṣù tó ń bọ̀.

Wákàtí mẹ́ta ni Fèyísọ́lá sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Èrèlé

Aago mẹ́jọ kọjá kó tó délé. Ó ní ìpàdé iléèwé ni.

Ọjọ́bọ̀, 26 Èrèlé

Ìpàdé iléèwé lẹ́ẹ̀kẹta. Mo wọ kẹ̀kẹ́, mo tọ̀ ọ́ lẹ́yìn láti ìkóríta iléèwé rẹ̀. Kò bọ́ sílẹ̀ níbi ìpàdé kankan. Ilé olówó kan ní Bódìjà ló wọ̀. Mo tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Obìnrin ilé náà jáde.

"Mama, ẹ káalẹ́ o. Ta ni ẹ ń wá?"

"Ọmọ mi ni mo wá mú."

"Ọmọ yín? Èwo nínú wọn?"

"Tísà yín."

Ó gbé àga fún mi ní pálọ̀, wọ́n gbé omi tútù wá. Mo jókòó. Ọmọ méjì wà nídìí tábìlì pẹ̀lú Fèyísọ́lá, wọ́n ń wò mí, wọ́n ń wo tísà wọn. Èyí àbúrò bi í ní gbangba pé, "Auntie, ṣé wọ́n máa nà yín ni?" Kò ka ìlà méjì mọ́ tó fi pa ìwé dé.

A fẹsẹ̀ rìn bọ̀ ní títì. Mo ní kó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Kì í ṣe owó, nítorí owó oṣù rẹ̀ ń jẹ́ ká jẹun.

"Bí mo bá jókòó sílé nírọ̀lẹ́, mo máa ń gbọ́ bó ṣe máa ń ṣí géètì. Bí mo bá ń ṣiṣẹ́, n kì í gbọ́ ọ."

Ọkọ rẹ̀ ló ń sọ.

"Ó ti kú," mo ní. "Bí o bá jókòó, ó ti kú. Bí o bá sáré dé Kánò, ó ti kú. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bí o bá sáré, ìwọ náà á kú."

Ó sunkún láti ibẹ̀ dé Agbowó. Àwọn ènìyàn ń wò wá. N kò ní kó dákẹ́. Ìgbà tí wọ́n sin ọkùnrin yẹn, tíì ló ń pín fún àlejò, n kò rí omi lójú rẹ̀. Mo ra ẹ̀pà, mo ń jẹ ẹ́, mo ń dúró dè é bó bá dúró.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Èrèlé

Kò sùn rárá. Láàárọ̀ ó pe obìnrin Bódìjà, ó ní òun kò wá mọ́. Mo dúró tì í títí ó fi sọ ọ́ tán.

Ọjọ́rú, 4 Ẹrẹ́nà

Ó ń jókòó sílé nírọ̀lẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ rẹ̀, ó ń sọ pé alágídí ni. Òótọ́ ni, alágídí ni. A jọ bú u díẹ̀. Wákàtí márùn-ún ààbọ̀. Hóró kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Ẹrẹ́nà

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ní aago mẹ́jọ. Èmi ni kò sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Ẹrẹ́nà

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ìdájí. A dé ọsibítù kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

Dókítà ń wo bébà. Fèyísọ́lá di ọwọ́ mi mú. Ó mú un débi tó dùn mí.

"Wọ́n ti jí," dókítà ní.

"Méjèèjì?" mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀jẹ̀ kò sọ èyí tó ṣáájú, ṣùgbọ́n iye tó rí ni ti ẹni tí ara rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Hóró ti parí, dókítà ló sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí, Fèyísọ́lá sì gbọ́ ọ ní etí ara rẹ̀. Fún ọdún kan sí i, bí ibà líle bá mú un, tàbí bí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kó sọ fún wọn. Mo ní kí dókítà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo sọ ọ́ padà fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Mo gba máíkírà fún àwa méjèèjì nìkan. A kò tíì dé Mọ́kọ́lá tí orí rẹ̀ fi wó lé mi léjìká. Ọkọ̀ ń fun fèrè, rédíò awakọ̀ ń ké, oòrùn àárọ̀ ń ta sí i lójú. Ó ń hanrun.

Awakọ̀ dúró. "Mama, a ti dé Agbowó. Ẹ jí wọn."

"Kò sí ẹni tó máa jí i. Máa lọ."

"Máa lọ síbo?"

"Òjóò. Bí o bá débẹ̀, yí padà."

"Mama, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe àǹtí báyìí?"

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe é mọ́. Wakọ̀."

A dé Òjóò, a yí padà. Awakọ̀ ti pa rédíò rẹ̀, n kò bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a tún fẹ́ dé Agbowó, Fèyísọ́lá jí fúnra rẹ̀. Ó nu ẹnu, ó wò yíká, ó ní ebi ń pa òun.

Mo ní ara rẹ̀ ti yá, kó lọ se ohun tó máa jẹ.